Sàlímọ́nù Elétí àti Ìyálé Pupa

Lọ́jọ́ tí Sàlímọ́nù Elétí pa gbogbo Benson n'Ìkòròdú lẹ́nu mọ́, kì í ṣe pé ọba kú, kì í sì í ṣe pé ọlọ́pàá dé. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ ló fẹ́ gbọ́. Ó yọ sí títì láti inú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì rẹ̀, rọ́bà gígùn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ ata. Wọ́n pa á. Ó ní kí ọkùnrin tó ń fi gbohùngbohùn polówó oògùn èkúté gbẹ́nu dúró. Ó gbẹ́nu dúró. Ó ní kí àwọn ọlọ́kadà paná máṣíìnì wọn, wọ́n sì paná, torí wọ́n rò pé nǹkan kan fẹ́ bú, wọn ò sì fẹ́ kó bú kó má ṣojú wọn. Sàlímọ́nù ki ẹnu rọ́bà kan bọ etí, ó fi ẹnu kejì kan ẹ́ńjìnnì, ó dijú. Benson tí kì í dákẹ́ bí òjò bá ń rọ̀ pàápàá, ó dákẹ́ débi pé wọ́n ń gbọ́ ewúrẹ́ kan tó ń jẹ páálí lódìkejì títì.

Ó pẹ́ díẹ̀. Sàlímọ́nù lajú. Ó yọ rọ́bà kúrò létí.

"Ẹ ṣé o," ló wí. "Nǹkan kan ò ṣe é."

Mùlíkátù, obìnrin tó ni ẹ̀rọ ata, fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí. "Nǹkan kan ò ṣe kí ni? Ṣebí ìgbà tó ò ń wọlé bọ̀ láàárọ̀, gbogbo wa la gbọ́ ọ! Kọ́kọ́kọ́kọ́, bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ balùwẹ̀!"

"Ìwọ lo gbọ́. Èmi ò gbọ́."

"Gbogbo Benson ló gbọ́!"

"Ṣé gbogbo Benson ni wọ́n ń pè ní Elétí?"

Mùlíkátù wọlé, ó tan ẹ̀rọ rẹ̀ padà, kò sì bá a jà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, ata ilé Sàlímọ́nù kò kúnná mọ́.

Kí Ọlọ́hun bá wa ṣàánú olóògbé, òótọ́ ni pé ó ní etí. Ọkọ̀ á ṣì wà lọ́nà Ìgbògbò, á ti wí fún ọ pé ọ̀kan nínú púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ti kú. Oníbàárà kan pè é lórí fóònù lọ́jọ́ kan pé òun wà ní Agbowa, pé ọkọ̀ òun ń pariwo, kó gbọ́ ọ. Sàlímọ́nù tẹ́tí, ó ní, "Bẹ́líìtì ló fẹ́ já. Àmọ́ o ò sí ní Agbowa o. Inú gáréèjì tó ní òrùlé ni ọkọ̀ yẹn wà, tẹlifíṣọ̀n sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri." Ọkùnrin náà pa fóònù. Ìyàwó oníbàárà náà, tó jókòó ti Sàlímọ́nù ní ṣọ́ọ̀bù, tó sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ló wá dúpẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Ọkọ̀ tí à ń sọ yìí, pupa ni, onílẹ̀kùn méjì. Nígbà tó rà á, kò sí ẹ́ńjìnnì nínú rẹ̀, kò sí ìjókòó, adìyẹ ló ń yé sí i. Sàlímọ́nù wá ẹ́ńjìnnì tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i. Ó gbé tọ́bò lé e, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi tipátipá fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì kó lè sáré ju bí àwọn tó ṣe é ṣe rò lọ. Ó fún un ní sáláńsà tó jẹ́ pé bó bá bú, àwọn ọmọ ilé kéú á gbàgbé ibi tí wọ́n kà dé. Nígbà tó parí, ó dúró, ó wò ó, ojú rẹ̀ sì yí padà sí gbogbo ayé.

Ìjà ni, bó o bá yin ọkọ̀ náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yín yìí mà dáa o."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Bó ò bá sì yìn ín, ìjà náà ni.

"O rí i tó o dákẹ́. Ṣé ojú ń dùn ọ́ ni?"

Àwọn tó gbọ́n ní Benson kì í wo apá ibẹ̀ rárá. Bí wọ́n bá ń kọjá, ojú ọ̀run ni wọ́n ń wò, bí ẹni tó ń wá òṣùpá ààwẹ̀.

Hanifah, ìyàwó rẹ̀, ọmọ apẹja láti Ẹ̀pẹ́, ò bá a fà á. Ìyálé ló ń pe ọkọ̀ náà. Bó bá jí láàárọ̀, á kúnlẹ̀ níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì lójú gbogbo ará ilé.

"Ẹ káàárọ̀ o, ìyálé mi. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ sùn. Ọkọ wa dìde kí wọ́n tó pe ìrun, wọ́n lọ wò yín. Èmi tí mo sùn tì wọ́n, wọn ò wò mí."

"Hanifah, ọkọ̀ lásán ni," Sàlímọ́nù á wí.

"Ọkọ̀ lásán, Baba Jamilah? Aṣọ tẹ́ ẹ fi ń bò ó ńkọ́? Ṣé kì í ṣe fẹ́lífẹ́ẹ̀tì?"

Fẹ́lífẹ́ẹ̀tì ni lóòótọ́, pupa fòò, èyí tó nípọn. Sàlímọ́nù kì í ṣe òǹrorò. Èyí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí télọ̀ rán ti ọkọ̀ tán, ó fún Hanifah, ó ní kó fi wé gèlè. Kò yí orí rẹ̀ ká.

Ṣùgbọ́n ṣéènì ló jẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní eré. Sàlímọ́nù lu ihò sí iwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó mú ṣéènì kan tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ ojú omi mọ́lẹ̀ létí ọ̀sà, èyí tó rí nínú ọkọ̀ àna rẹ̀ l'Ẹ̀pẹ́, ó gbé e gba inú ihò náà kọjá, ó fi kọ́ irin tí wọ́n ń fà bí wọ́n bá fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì jáde, ó sì fi àgádágodo tó tó ìkúùkù tì í níta. Ṣéènì náà gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Wẹ́dà tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní kí àwọn gé èyí tó kù.

Sàlímọ́nù wò ó bí ẹni tó bú ìyá rẹ̀. "Ṣéènì àna mi? Kí n gé e? Ojú wo ni kí n wá fi wo bàbá?"

Ó ká gbogbo èyí tó kù sínú, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn.

Ta ló ń tì í mọ́? Ẹnì kan ṣoṣo ni: Mubashir.

Àwọn méjèèjì jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà ní Ìgbògbò, ọ̀gá Adélàjà. Lọ́jọ́ tí wọ́n gba òmìnira, ọ̀gá dìde, ó ní, "Mubashir lọ́wọ́. Sàlímọ́nù létí." Ọ̀rọ̀ ìyìn ni fún àwọn méjèèjì, gbogbo èèyàn sì pàtẹ́wọ́. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni Sàlímọ́nù ti ń wo ọwọ́ Mubashir bí ẹni pé tirẹ̀ ni wọ́n gé fún un. Mubashir padà sí Ẹ̀pẹ́, ìlú rẹ̀, ó ra láptọ́ọ̀pù, ó ń fi wáyà so ó mọ́ ọkọ̀, láptọ́ọ̀pù á sì kọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ jáde. Àwọn ọlọ́kọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ń sáré bẹ̀rẹ̀ sí í ti Ìkòròdú lọ bá a. Sàlímọ́nù ní òun ò jowú. Ó kàn ní òun ò mọ ìdí tí èèyàn fi máa fi wáyà bá ohun tó ní ohùn sọ̀rọ̀ ni.

Síbẹ̀, gbogbo ìyẹn ò tó ti Hanifah. Mubashir ló kọ́kọ́ rí Hanifah, létí omi, níbi tó ti ń gba ẹja lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ojú ń ti Mubashir. Ó wá bẹ Sàlímọ́nù ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó tẹ̀lé òun lọ, kó bá òun sọ̀rọ̀. Sàlímọ́nù tẹ̀lé e. Ó sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ débi pé nígbà tí wọ́n ń bọ̀, Mubashir ló ru ẹja tí wọ́n rà, Sàlímọ́nù ló gba àdéhùn.

Sàlímọ́nù mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn wo nǹkan tí wọ́n á sì gbé e lọ; òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Ìdí nìyẹn tí àgádágodo rẹ̀ fi tóbi.

Mubashir ò bínú, tàbí ká ní ó bínú níwọ̀n. Bó bá ti rí Hanifah, á kàn ní, "Ìyàwó mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta," gẹ́gẹ́ bí gbogbo ọkùnrin ṣe ń pe ìyàwó ọ̀rẹ́ wọn. Sàlímọ́nù á dá a dúró.

"Ìyàwó ta?"

"Ìyàwó wa."

"Àwa wo?"

Ní ọjọ́ kẹta Iléyá lọ́dọọdún, àwọn tó ní irú ọkọ̀ báyìí láàárín Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́ máa ń pàdé níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́, níbi tí ilé ò tíì pọ̀. Wọ́n á máa gun òkè náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi fóònù wo ẹni tó tètè dé orí. Lọ́dún kan, Mubashir fi ohùn ránṣẹ́ sórí wásáàpù ẹgbẹ́: "Sàlì, mo gbọ́ pé ọkọ̀ yẹn ń dún kọ́kọ́. Gbé e wá kí n fi láptọ́ọ̀pù wò ó fún ọ."

Sàlímọ́nù fi ohùn tirẹ̀ ránṣẹ́. Ìpàdé tí wọ́n ń ṣe ní mọ́ṣáláṣí ni Hanifah wà tó ti gbọ́ ọ, ó sì yára pa fóònù. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, àdéhùn tó kù nílẹ̀ nìyí: ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá pẹ́ dé orí òkè ní Iléyá tó ń bọ̀, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Hanifah, á sì máa pe èkejì ní "Ọ̀gá mi" títí ọjọ́ ikú.

Wàyí o, Sàlímọ́nù kì í pe èèyàn lọ́gàá. Ọ̀gá Adélàjà tó kọ́ ọ níṣẹ́, ìgbà tó bá fẹ́ tọrọ ààyè láti lọ sílé nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Kó wá dọ̀bálẹ̀ fún Mubashir, níwájú Hanifah, l'Ẹ̀pẹ́, lọ́dún! Oúnjẹ ò wọlé fún un mọ́. Ata náà ò sì ràn án lọ́wọ́.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Mubashir ò parọ́. Ọkọ̀ náà ń dún. Bí Sàlímọ́nù bá jókòó sí i, tó fún un níná, á kọ́kọ́ fò bí ẹyẹ. Kò ní pẹ́, kọ́kọ́kọ́ á bẹ̀rẹ̀, agbára á sì lọ, bí ẹni tó ń sáré tó wá rántí pé òun gbàgbé nǹkan sílé. Nọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pe irú ìró yẹn, kò sì sí mẹkáníìkì tó fẹ́ gbọ́ ọ, nítorí ẹ́ńjìnnì tó bá ti nọ́ọ̀kì tán, òkú ni. Ṣùgbọ́n bó bá gbé ọkọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù, tó ṣí àgádágodo, tó gbé ṣéènì sílẹ̀, tó gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, tó ki rọ́bà bọ etí, kò ní gbọ́ nǹkan kan. Kò sí ẹ́ńjìnnì tó mọ́ lóhùn tó bẹ́ẹ̀ ní Ìkòròdú.

Ó ní epo ni. Bí epo ò bá dáa, á gbiná kí àkókò rẹ̀ tó tó, ìyẹn sì máa ń dún kọ́kọ́. Ó fa gbogbo epo náà dà, ó lọ ra òmíràn ní Agbowa, ó rọ ọ́ sínú ìgò, ó mì ín létí. Hanifah bi í pé kí ni epo wí. Epo Agbowa náà dún kọ́kọ́.

Ó ní púlọ́ọ̀gì ni. Ó ra èyí tí ooru kì í tètè mú. Ó dún kọ́kọ́. Ó dín agbára tọ́bò kù. Ọkọ̀ ò sáré mọ́, àmọ́ ó dún kọ́kọ́.

Nígbà náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí sẹ́ńsọ̀. Nǹkan kékeré kan ni, tí àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì dè mọ́ ọn lára. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fetí sílẹ̀. Bó bá ti gbọ́ kọ́kọ́, á ta ọpọlọ ọkọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó wà nínú rẹ̀, lólobó, ọpọlọ náà á sì fa agbára sẹ́yìn, kí ẹ́ńjìnnì má bàa fọ́. Ọjọ́ pẹ́ tí Sàlímọ́nù ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dùn ún.

"Etí méjì nínú ẹ́ńjìnnì kan?" ló bi Hanifah. "Tèmi ò tó ni?"

"Ẹ bi ìyálé mi. Àwọn ni wọ́n ń gbé e lára."

Sàlímọ́nù fa wáyà sẹ́ńsọ̀ yọ. Nígbà tí ọpọlọ ọkọ̀ rí i pé òun ò létí mọ́, ẹ̀rù gbogbo nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í bà á, ó sì fún ọkọ̀ ní ìwọ̀n agbára tó máa gbé e délé láìṣubú. Lọ́nà Agbowa, ọlọ́kadà kan tó gbé àpò gààrí lé iwájú, lé ẹ̀yìn, kọjá lára rẹ̀, ó sì bi í bóyá òkú ló gbé. Sàlímọ́nù dá wáyà padà lọ́jọ́ náà. Ó dá a padà, ṣùgbọ́n òun àti sẹ́ńsọ̀ ò sọ̀rọ̀ mọ́.

"Bọ̀ọ̀dá Mubashir ní láptọ́ọ̀pù," Hanifah wí nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún dé.

"Mo mọ̀ pé o máa dárúkọ rẹ̀! Láti àná ni mo ti ń retí ẹ̀!"

"Orúkọ láptọ́ọ̀pù ni mo dá."

"Orúkọ rẹ̀ lo kọ́kọ́ dá."

Ọjọ́ kẹta Iléyá pé. Sàlímọ́nù wọ agbádá funfun, ó gbé Hanifah sí ọkọ̀ pẹ̀lú abọ́ ẹran, wọ́n mú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ pọ̀n. Ọkọ̀ ń dún kọ́kọ́kọ́ láti Ìkòròdú, Sàlímọ́nù sì ń gbóhùn sókè ké Àlááhù Àkúbárù kó má bàa gbọ́. Nígbà tí wọ́n dé ìdí òkè, àwọn ọlọ́kọ̀ ti pé jọ. Ó fún ọkọ̀ níná lẹ́ẹ̀kan, kó lè dẹ́rù bà wọ́n. Kọ́kọ́kọ́kọ́! Ẹni tó wà lórí òkè náà gbọ́ ọ.

Mubashir rọra rìn bọ̀, láptọ́ọ̀pù wà lábíyá rẹ̀. "Ìyàwó mi, ẹ kú ọdún o."

"Ìyàwó ta?"

"Sàlì, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Mubashir rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbọ́ mi. Bó bá jẹ́ nọ́ọ̀kì ni lóòótọ́, tó o sì fi gun òkè yìí, ẹ́ńjìnnì yẹn á fọ́ kó o tó dé àárín. Bó bá jẹ́ pé mo fẹ́ kó o dọ̀bálẹ̀ fún mi ni, ṣé màá sọ fún ọ? Màá kàn dákẹ́, màá máa wò ọ́."

Sàlímọ́nù wo òkè. Ó wo Hanifah. Hanifah ń já ẹran jẹ, kò wò ó. Ó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó bọ́ ọ. Nígbà tó ṣí àgádágodo, tó gbé ṣéènì sílẹ̀, tí Mubashir sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì náà, Sàlímọ́nù kọ ẹ̀yìn sí wọn, bí ọkùnrin tí dókítà ń yẹ ìyàwó rẹ̀ wò.

Mubashir so wáyà, ó ní kí ẹnì kan fún un níná. Láptọ́ọ̀pù ò rí nǹkan kan.

"Mo wí bẹ́ẹ̀!" Sàlímọ́nù ò tíì kọjú sí wọn. "Etí mi ti sọ ọ́!"

"Ó dáa. Tì í, ká wà á díẹ̀."

Wọ́n tì í, wọ́n gbé ṣéènì padà sáyè rẹ̀, àwọn méjèèjì wọlé, láptọ́ọ̀pù wà lórí itan Mubashir. Kọ́kọ́kọ́! Láptọ́ọ̀pù fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Wọ́n dúró, wọ́n ṣí i, wọ́n gbé ṣéènì sílẹ̀. Ó dákẹ́.

"Ṣé o rí i? Bó bá ti rí ojú mi, kì í parọ́," ni Sàlímọ́nù wí.

"Láptọ́ọ̀pù ní ó ń dún."

"Etí mi ní kò dún."

"Ṣé láptọ́ọ̀pù ń jowú ẹ ni?"

"Ẹni tó ni ín ńkọ́?"

Wọ́n tì í, ó dún. Wọ́n ṣí i, ó dákẹ́. Wọ́n pe ara wọn ní orúkọ tí ọ̀gá Adélàjà ń pè wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì ń fọ irinṣẹ́. Àwọn yòókù gun òkè tiwọn, wọ́n wo fóònù wọn, wọ́n jiyàn, wọ́n jẹun, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé. Oòrùn ti ń wọ̀ sí apá ọ̀sà nígbà tí Hanifah fi ọwọ́ nu ẹnu.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀gá méjèèjì. Bẹ́ ẹ bá ṣí i, ibo lẹ ń gbé ṣéènì bàbá mi sí?"

"Ilẹ̀," wọ́n dáhùn pọ̀.

"Bẹ́ ẹ bá wá tì í ńkọ́?"

Ìdí òkè dákẹ́ ju Benson ọjọ́sí lọ.

Mubashir ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ibì kan wà lára ẹ́ńjìnnì, nítòsí sẹ́ńsọ̀, tí ìdí ṣéènì ti gbá títí tó fi ń dán bí abọ́ tuntun. Bí Sàlímọ́nù bá ti fún ọkọ̀ níná, ẹ́ńjìnnì á mì, ṣéènì á gbá a, sẹ́ńsọ̀ á gbọ́, á ké sí ọpọlọ pé ẹ́ńjìnnì ń kú lọ, ọpọlọ á sì fa agbára sẹ́yìn. Sẹ́ńsọ̀ ò purọ́. Láptọ́ọ̀pù ò purọ́. Etí Sàlímọ́nù náà ò purọ́. Ẹ́ńjìnnì náà ò ní àrùn kankan, owú olówó rẹ̀ nìkan ló ń lù ú.

Hanifah gbé ṣéènì náà lé itan lẹ́yìn ọkọ̀, àwọn ọkùnrin méjèèjì jókòó síwájú. Kò sẹ́ni tó kù níbẹ̀ mọ́ láti fi fóònù wò wọ́n. Sàlímọ́nù fún un níná. Ọkọ̀ pupa náà gbéra, ó bú, ó ta, òkè náà sì parí kí Hanifah tó parí ọ̀rọ̀ tó ń bá Ọlọ́hun sọ. Lórí òkè, Mubashir ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, ó ń fọwọ́ pa iwájú ọkọ̀ náà, ó ń wí pé, "Sàlì! Sàlì! Kí lo ṣe sí i tó fi ń sáré báyìí?"

Sàlímọ́nù wo ọwọ́ náà. "Sọ̀kalẹ̀," ló wí.

Ta wá ni ọ̀gá? Ọ̀rọ̀ náà ò yanjú. Sàlímọ́nù ní òun ló jàre, torí etí òun ti wí pé ẹ́ńjìnnì ò ṣàìsàn. Mubashir ní òun ló jàre, torí láptọ́ọ̀pù òun ti wí pé nǹkan kan ń gbá a. Hanifah ní ẹni tó bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kó tètè dọ̀bálẹ̀, kí àwọn méjèèjì jọ dọ̀bálẹ̀ fún òun. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń sún un sí ọdún tó ń bọ̀.

Sàlímọ́nù lọ bá àna rẹ̀ kó tó gé ṣéènì náà, gẹ́gẹ́ bí ọmọlúwàbí. Ó wọ fìlà, ó dọ̀bálẹ̀, ó ṣàlàyé. Bàbá náà wò ó títí.

"Àṣé ìwọ ni," bàbá wí. "Látìgbà yẹn ni mo ti ń ṣépè fún àwọn apẹja tó wà lódìkejì."

Ó gé e. Àmọ́ kò yọ ọ́ o. Ó fi aṣọ wé ìwọ̀nba tó kù, kó má bàa dún mọ́. Fẹ́lífẹ́ẹ̀tì ni, èyí tó ti fún Hanifah tẹ́lẹ̀. Hanifah bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa.

"Àlùhámúdùlílàhì," ló wí. "A ti rí ohun tó yí ká."

Lẹ́yìn ààwẹ̀ tó kọjá ni ara Sàlímọ́nù ò le mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n pè é. Lórí ibùsùn ọsibítù, kì í bi dókítà léèrè nípa ara rẹ̀. Fáànù tó wà lókè orí rẹ̀ ló ń gbọ́. "Nọ́ọ̀sì," ló wí, "fáànù yìí ò ní pẹ́ kú o. Bíárìn rẹ̀ ti jẹ." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí etí rẹ̀ ṣàṣìṣe. Fáànù náà ṣì ń yí títí di òní. Òun ló kọ́kọ́ lọ.

Kó tó lọ, ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́rùn, ó fi lé Hanifah lọ́wọ́.

"Fún Mubashir. Kó máa wá tan ọkọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó má bàa gan. Àmọ́ kó fi láptọ́ọ̀pù sílé."

"Mo gbọ́, Baba Jamilah."

Ó di ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́ náà. "Kó má sì pè ọ́ ní ìyàwó mi."

Nígbà tí wọ́n ti ṣe fìdáù tán, Mubashir wá sí Benson. Kò gbé láptọ́ọ̀pù dání. Ó ká fẹ́lífẹ́ẹ̀tì, ó ṣí àgádágodo, ó gbé ṣéènì sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bọ́ ọmọ tó ń sùn láṣọ. Hanifah tan ọkọ̀ náà fún un. Ó wo ara ògiri ṣọ́ọ̀bù, rọ́bà náà ṣì wà níbi tí Sàlímọ́nù kọ́ ọ sí. Ó mú un, ó ki í bọ etí.

Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Mùlíkátù yọjú, ó rí i, ó pa ẹ̀rọ ata. Ọkùnrin olóògùn èkúté gbé gbohùngbohùn rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà paná lọ́kọ̀ọ̀kan. Mubashir dijú. Ó gbọ́ ọ pẹ́, ó pẹ́ ju bí Sàlímọ́nù ṣe máa ń gbọ́ ọ lọ.

"Kí lẹ gbọ́, Bọ̀ọ̀dá Mubashir?" Hanifah bi í.

"Nǹkan kan ò ṣe é." Ó yọ rọ́bà létí, ó wò ó. "Látìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò tíì ṣe èyí tó mọ́ tó báyìí rí. Ẹ bá mi wò ó. Ó ti lọ, mo ṣì ń jowú rẹ̀."

Ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè díẹ̀, nítorí epo tó wà nílẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Hanifah àti ọkọ̀ pupa náà, lójú gbogbo Benson.

"Ọ̀gá mi," ló wí.

Nígbà tó dìde, ó wé ṣéènì padà, ó tì í, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé Hanifah lọ́wọ́. "Ẹ bá mi mú un sọ́dọ̀, ìyàwó ọ̀gá mi. Bí mo bá mú un lọ sí Ẹ̀pẹ́, kò ní jẹ́ kí n sùn."

Hanifah rẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú rẹ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn, ó gbé abọ́ ata rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Mùlíkátù. Mùlíkátù gbà á, ó dúró díẹ̀ kó tó tan ẹ̀rọ rẹ̀, bí ẹni tó ṣì ń gbọ́ nǹkan kan. Lọ́jọ́ náà, ata ilé Sàlímọ́nù kúnná.